Kùkùté Tí Kò Sí Níbẹ̀

Irin náà ti tẹ̀, kì í sì í ṣe títẹ̀ ọjọ́ ogbó. Inspẹ́kítọ̀ Mọ̀dínátù nà gbọọrọ lórí páálí lábẹ́ jíìpù náà, ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù kan ní Dopemu, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ákísù iwájú, ìyẹn irin gbọọrọ tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀. Nǹkan kan ti gbá a láti ìsàlẹ̀, lápá òsì. Ojú ibi tó ti gbá a jin, irin náà sì ti sún sẹ́yìn débi pé táyà òsì àti tọ̀tún kọ ẹ̀yìn síra wọn bí orogún méjì. Obìnrin náà wò ó títí. Dípò kí inú rẹ̀ dùn pé òun rí nǹkan, ńṣe ni inú ń bí i.

"Kí lẹ rí, Madam?" Kọ́púrà Godswill, ọlọ́pàá tó ń bá a ṣiṣẹ́, ló bèèrè láti òkè. Kò ní jẹ́ kí gíríìsì kan aṣọ òun, ó ti sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó kúrò ní àgọ́ wọn ní Ìkọ̀tún.

"Mo rí ohun tí kò bá ẹjọ́ wa mu."

"Ẹjọ́ tó ti parí, Madam?"

Lójú DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá wọn, ó ti parí lóòótọ́. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ, ọdún 2012, wọ́n bá ọlọ́kadà kan tó ń jẹ́ Nùrẹ́nì nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gọ̀dọ̀ kan, ní ọ̀nà inú igbó lẹ́yìn Ìjẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dá, ó ti fi orí gbálẹ̀, láti ìgbà náà kò sì tíì la ojú ní ọsibítù. Bàbá Adéríbigbé, alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò náà, ló wá sọ fún ọlọ́pàá pé ojú òun kòrókòró ni jíìpù Ìjọ Òkè Ìtura ṣe gbá ọkùnrin náà, tó sì sá lọ. Wọ́n wá jíìpù náà rí ní Dopemu, iwájú rẹ̀ ti bàjẹ́, wọ́n sì mú awakọ̀ rẹ̀, Zacchaeus. Zacchaeus ní òun kò rí ọ̀kadà kankan, kùkùté kan tó wà nínú ọ̀gọ̀dọ̀ náà ni òun gbá. Àwọn ọlọ́pàá lọ wò ó, kò sí kùkùté níbẹ̀. Ọ̀la, Ọjọ́bọ̀, kí ìsinmi Àjíǹde tó wọlé, ni DPO fẹ́ gbé e lọ sí kóòtù. Bí Nùrẹ́nì bá sì kú, ẹ̀sùn ìpànìyàn ni wọn yóò fi kàn án.

Mọ̀dínátù jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó gbọn ẹ̀yìn rẹ̀. "Bí ọkọ̀ bá gbá ọ̀kadà, kí ló máa ń kọ́kọ́ fọ́?"

"Bọ́ńpà. Iná iwájú."

"Wo bọ́ńpà yẹn."

Godswill wò ó. Ẹrẹ̀ gbígbẹ bò ó látòkè délẹ̀, kò sí ibi tó họ. Ó wá tọ́ka sí iná. "But Madam, ẹ wo iná òsì yìí. Tuntun ni. Tọ̀tún ti di yẹ́lò, èyí ń dán. Ó ti pààrọ̀ èyí tó fọ́ ni."

Ọ̀rọ̀ náà dun Mọ̀dínátù, nítorí pé iná náà tuntun lóòótọ́, òun kò sì kíyè sí i. Olútáyọ̀ tó ni wọ́kíṣọ́ọ̀bù náà ti ń bọ̀, ó ń nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.

"Ọ̀kadà ló gbá, Madam. Ẹ má da ara yín láàmú jàre. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo mọ ojú ọ̀kadà lára mọ́tò."

"Ọ̀kadà ló wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ gbá ákísù, tí kò fara kan bọ́ńpà?"

Olútáyọ̀ họ orí. "Ó lè jẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ ṣubú."

"Ìwọ lo pààrọ̀ iná yìí?"

"Èmi kọ́ o. Bó ṣe wà nìyẹn tí wọ́n fi wọ́ ọ dé."

Godswill ti ki orí bọ inú jíìpù, ó ń wo imọ̀ ọ̀pẹ kan tó ti ń gbẹ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. "Ọ̀pẹ Hòsánà náà ò gbà á," ó ní, ó rẹ́rìn-ín. Mọ̀dínátù kò bá a rẹ́rìn-ín.

*

Sùtánà funfun tí wọ́n bá lọ́rùn Zacchaeus lọ́jọ́ tí wọ́n mú un ló ṣì wọ̀, ó ti di aláwọ̀ eérú. Kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ìjọ wọn kì í wọ bàtà sí sùtánà. Ó jókòó síwájú Mọ̀dínátù, ó ká ọwọ́ lé itan.

"Ta ló pààrọ̀ iná òsì?"

"Èmi ni, Mà. Ó ti ṣáájú Ọjọ́ Ọ̀pẹ."

"Níbo lo ti rà á?"

"Lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kiri ní Ìkọ̀tún."

"Orúkọ rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Mà."

"Ta ló rí ẹ nígbà tó ò ń fi sí i?"

"Ọlọ́run rí mi."

"Ọlọ́run ò ní bá wa jẹ́rìí ní kóòtù lọ́la. Kùkùté yẹn ńkọ́, báwo ló ṣe rí?"

"Mi ò rí i. Omi bò ó. Gbàgà ni mo kàn gbọ́."

"Nígbà tó ò rí i, báwo lo ṣe mọ̀ pé kùkùté ni?"

"Kí ni ìbá tún wà nínú omi, Mà?"

Ó ní kó ròyìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Zacchaeus ní òun gbé àwọn ìyá àgbà ìjọ lọ sí etí odò fún àdúrà ìrọ̀lẹ́, òun já wọn sílẹ̀, òun ń dá bọ̀ nínú òjò wínníwínní, òun dé ibi omi, òun wọ inú omi, gbàgà. Òun kò rí ẹnikẹ́ni. Òun rọra wọ́ ọkọ̀ náà dé títì, òun sì pe àwọn tó gbé e lọ sí Dopemu.

"Kò sí nǹkan mìíràn?"

"Kò sí, Mà."

Mọ̀dínátù ti rí òpùrọ́ púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ọkùnrin náà kò jọ wọ́n. Síbẹ̀, ibì kan wà nínú ìròyìn náà tó ṣófo, kò sì mọ ibi tó jẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ó sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Zacchaeus ní òun ti sọ ohun tí òun mọ̀.

Lóde, obìnrin méjì jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà, wọn kò wo ara wọn. Matilda, ìyàwó Zacchaeus, gbé kúlà oúnjẹ lé ẹsẹ̀. Sìkírátù, ìyàwó Nùrẹ́nì, kò gbé nǹkan kan dání. Ojoojúmọ́ ló ń ti ọsibítù wá sí àgọ́ ọlọ́pàá, ìbéèrè kan náà ló sì ń bèèrè.

"Ẹ bá mi bi í, Madam. Kí ló dé tí kò dúró?"

Ìbéèrè náà tún dá kún ìbínú Mọ̀dínátù. Ó ti ń lọ nígbà tí Matilda tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, tó na fóònù sí i.

"Mo gbọ́ tí ẹ ń sọ̀rọ̀ iná, Mà. Ẹ wo fọ́tò yìí. Àárọ̀ Ọjọ́ Ọ̀pẹ ni mo yà á."

Jíìpù náà ló ṣíwájú èrò. Iná òsì ń dán, tọ̀tún ti di yẹ́lò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọmọ ìjọ tò sí nínú aṣọ funfun, kálukú mú imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n ti hun di àgbélébùú kékeré dání. Mọ̀dínátù gba fóònù náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré wọ ọ́fíìsì DPO.

DPO wò ó, ó dá a padà. "Ó dáa. Iná náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ò ní kó má gbá a. Ẹlẹ́rìí wa rí i, Mọ̀dínátù. Àgbàlagbà ni."

"Ọ̀gá, agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà."

"Mo ti gbọ́ tẹnìkejì náà. Ó ní kùkùté wà níbi tí kò sí. Ọ̀la ni kóòtù."

*

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni Mọ̀dínátù padà sí ọ̀nà inú igbó yẹn. Ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó wọ inú ọ̀gọ̀dọ̀ náà. Àwọn ará àdúgbò dúró láti wo obìnrin ọlọ́pàá nínú ẹrẹ̀. Godswill dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó bá a di bàtà mú.

Kò sí kùkùté lóòótọ́. Àmọ́ láàárín ọ̀gọ̀dọ̀ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ rì ju ibi yòókù lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu ohun tó wà níbẹ̀ sókè. Ẹrẹ̀ gbogbo ọ̀nà náà dúdú, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí jẹ́ yanrìn funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́lé, àfọ́kù kọnkéré sì wà nínú rẹ̀. Ihò ti wà níbẹ̀ rí, wọ́n ti dí i, kò sì tíì pẹ́ tí wọ́n dí i.

"Kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀?" Ó bi télọ̀ kan tó ń wò ó láti ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"A ò mọ̀, Madam."

Ó bi obìnrin tó ń sá aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. "A ò mọ̀ o." Ó bi ọkùnrin tó ń fọ ọ̀kadà. Òun náà kò mọ̀. Gbogbo wọn ni kò mọ̀, gbogbo wọn ló sì ń kọ́kọ́ wo ọ̀kánkán ilé Bàbá Adéríbigbé kí wọ́n tó sọ pé àwọn ò mọ̀.

Bàbá náà fúnra rẹ̀ jáde, ó fi pákò sẹ́nu. "Ọmọ mi, o tún padà wá."

"Ẹ káàsán, sà. Kí ló wà nínú ihò yìí?"

"Ihò wo? Omi ló gbẹ́ ẹ."

"Omi gbẹ́ ihò, omi sì tún fi yanrìn ilé dí i?"

"Àwa la dí i. Ṣé ìjọba ń bá wa ṣe ọ̀nà ni? Àwa náà la máa ń ra yanrìn, àwa la máa ń dí i."

Mọ̀dínátù kò rí ohun tó lè fi já èsì yẹn nírọ́. Ọ̀nà tí kò dáa ni lóòótọ́. "Jíìpù náà, ẹ ní ojú yín ló ṣe. Kí ló fi gbá Nùrẹ́nì?"

"Bọ́ńpà. Ó gbé e sókè, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Kò sí ohun tó fara kan bọ́ńpà náà, Bàbá."

"Iṣẹ́ Ọlọ́run." Bàbá tu itọ́ pákò, ó tọ́ka sí àwọn òpó kékeré tó tò lọ nínú koríko. "Ṣé o rí àwọn àmì yẹn? Abẹ́ ibẹ̀ ni páìpù epo gbà. Lọ́dún 2008 tí iná jó, àwa tó ò ń wò yìí la sin òkú. A sin ọmọdé. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ibí yìí. Ọ̀nà yìí kì í ṣe ọ̀nà mọ́tò ńlá, ọmọ mi. Lọ bá awakọ̀ yẹn wí."

Mọ̀dínátù fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ wọ ọkọ̀. Wọ́n padà sí Ìkọ̀tún.

*

Wọ́n ti wọ́ jíìpù náà wá sí àgọ́ ọlọ́pàá kó lè wà fún ẹ̀rí. Mọ̀dínátù wọ inú rẹ̀, ó jókòó sí àga awakọ̀, ó sì di sítíárìn mú bí ẹni tó fẹ́ fà á tu. Kì í ṣe irọ́ ló ń bí i nínú. Ta ni kì í parọ́ fún ọlọ́pàá? Ohun tó ń bí i ni pé ó mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú omi yẹn, ó mọ̀ pé wọ́n ti yọ ọ́, kò sì ní ohun tó lè fi han adájọ́ ju ẹ̀kúnwọ́ yanrìn kan lọ. Imọ̀ ọ̀pẹ orí dáṣíbọ́ọ̀dù ń gún un lápá. Ó mú un láti jù ú sẹ́yìn ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò jù ú.

Wọn kò hun ún. Ó gùn tó apá èèyàn, gbogbo ewé rẹ̀ pé sára rẹ̀. Nínú fọ́tò Matilda, kò sí ẹni tó mú irú rẹ̀ dání. Nídìí rẹ̀, wọ́n lọ́ wáyà tí àwọn bíríkìlà fi ń so irin mọ́ ọn, ẹnu wáyà náà sì já.

"Godswill, ta ló ń fi wáyà so ọ̀pẹ Hòsánà?"

"Nobody, Madam. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mú un."

Ó ní kí wọ́n mú Zacchaeus wá. Ó na ewé náà sí i. "Níbo lo ti rí èyí?"

"Inú omi yẹn náà ni, Mà."

Ó kù díẹ̀ kí Mọ̀dínátù pariwo mọ́ ọn. "Mo ní kó o ròyìn láti ìbẹ̀rẹ̀. O ò dárúkọ ọ̀pẹ."

"Ìjàǹbá lẹ bi mí, Mà. Èyí kì í ṣe ara ìjàǹbá."

"Sọ ọ́ báyìí."

"Ó dúró láàárín ẹrẹ̀ bí ẹni pé wọ́n gbìn ín síbẹ̀. Ọjọ́ Ọ̀pẹ ni, Mà. A fi yin Olúwa láàárọ̀, ṣé kí n wá fi táyà tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀ nírọ̀lẹ́? Mo rò pé ó bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ìjọ kan ni. Mo dúró, mo sọ̀ kalẹ̀, mo fà á. Kò fẹ́ wá. Mo fà á dáadáa, ó já. Mo nù ún mọ́, mo gbé e síwájú ọkọ̀. Mo wá wọ inú omi."

Mọ̀dínátù jókòó. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí i sí, kò sì sí ọmọ tó dàgbà níbẹ̀ tí kò mọ ohun tí màrìwò tí wọ́n so sójú ọ̀nà ń wí: má gba ibí, nǹkan wà níbí. Èkó ni wọ́n bí Zacchaeus sí, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló dàgbà sí. Ewé kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tó bá a sọ yàtọ̀. Ẹ̀rù Ọlọ́run ló mú kó fà á tu.

"Wò ó," ó sọ fún Godswill. "Wáyà bíríkìlà nìyí. Irin ni wọ́n so ewé yìí mọ́, kì í ṣe igi. Kọnkéré tó wà nínú ihò yẹn ni wọ́n fi mọ irin náà mọ́lẹ̀. Kò ga, omi bò ó, ìdí nìyẹn tí bọ́ńpà fi ré e kọjá, tó sì gbá ákísù. Ewé yìí nìkan làwọn ará ibẹ̀ fi ń mọ ibi tó wà."

"Nùrẹ́nì ńkọ́?"

"Irin kan náà ló gbá òun náà. Jíìpù ti lọ nígbà yẹn."

"Ta ni wọ́n wá torí ẹ̀ gbin irin sójú ọ̀nà, Madam?"

"Bàbá ti sọ ọ́ fún wa. Ó ní ọ̀nà yẹn kì í ṣe ọ̀nà mọ́tò ńlá." Inú rẹ̀ kò dùn síbẹ̀. Ọ̀sán ló gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì jẹ́ kó kọjá lọ.

*

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Bàbá Adéríbigbé ń múra kóòtù nígbà tí wọ́n wọlé. Mọ̀dínátù kò bi í ní nǹkan kan. Ó kàn gbé màrìwò náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, tòun ti wáyà ìdí rẹ̀, ó sì ní kí Godswill wo ẹ̀yìnkùlé, nítorí àgbàlagbà kò lè gbé irin tó wúwo bẹ́ẹ̀ jìnnà.

Abẹ́ igi ìdáná ni irin náà wà. Àgékù irin rélùwéè ni, kọnkéré ṣì dì mọ́ ìdí rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó họ, gíríìsì dúdú sì wà níbẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ọ̀dà pupa ọ̀kadà Nùrẹ́nì ló wà lára rẹ̀.

Bàbá bọ́ fìlà. "A ò fi ṣe ibi. Àwọn típà oníyanrìn ló ń gba orí páìpù kọjá. A bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọ́. Gbogbo àdúgbò ló pinnu rẹ̀."

"Ṣé Nùrẹ́nì mọ̀ pé irin wà níbẹ̀?"

"Ó wà lára àwọn tó po símẹ́ǹtì."

Ohùn Mọ̀dínátù lọ sílẹ̀. "Ẹ gbọ́ nígbà tí jíìpù gbá irin náà?"

"Mo gbọ́. Mo jáde, mo rí jíìpù tó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ. Mo rí i pé màrìwò ò sí níbẹ̀ mọ́. Òjò ń rọ̀. Mo ní tó bá dá, màá gé òmíràn."

"Ṣé ó dá?"

"Nùrẹ́nì dé kó tó dá."

"Ẹ wá hú irin náà, ẹ sì wá bá wa pé awakọ̀ ló gbá a."

"Tí mo bá sọ òótọ́, gbogbo ilé tó wà níbí lẹ máa kó. Awakọ̀ yẹn kì í ṣe ará ibí."

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ wà lọ́jà." Ó ní kó dìde. Ó ti rò pé bí òun bá mú ẹni tó jẹ̀bi, ara òun á fúyẹ́, ṣùgbọ́n kò fúyẹ́.

*

DPO fọwọ́ sí i kí wọ́n tú Zacchaeus sílẹ̀. Matilda ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú sálúbàtà àti aṣọ mímọ́. Ọkùnrin náà kò dìde lórí bẹ́ńṣì.

"Mà, tí mi ò bá fà á tu ńkọ́?"

Mọ̀dínátù jókòó tì í lórí bẹ́ńṣì. Wọ́n ti pè é láti ọsibítù pé Nùrẹ́nì la ojú ní ìdájí. Ó sọ ọ́ fún Zacchaeus, Zacchaeus sì ní òun fẹ́ lọ.

Ní ọsibítù, ohùn Nùrẹ́nì kò jáde dáadáa. Mọ̀dínátù ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó gbọ́ ọ. "Mo wá màrìwò, mi ò rí i. Mo rò pé wọ́n ti hú irin yẹn."

Sìkírátù tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn gbé ojú sókè, ó rí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú sùtánà ìdọ̀tí. Ó dìde. Lónìí kò bẹ ọlọ́pàá kankan kó bá òun bi í.

"Kí ló dé tó ò dúró?"

"Mo dúró," Zacchaeus ní. "Ọ̀pẹ ni mo dúró fún."

Kò yé obìnrin náà. Zacchaeus dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ láti ibi tó ti rí ewé nínú ẹrẹ̀. Nígbà tó parí, Nùrẹ́nì ń wo àjà. "Símẹ́ǹtì yẹn," ó ní, "èmi ni mo pò ó."

Mọ̀dínátù wo ojú fèrèsé, nítorí pé inú ṣì ń bí i, kò sì mọ ẹni tó yẹ kó bí i sí mọ́. Sìkírátù fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó kan sí ọ̀dọ̀ Zacchaeus, kò wo ojú rẹ̀.

"Jókòó," ó ní.